Nípa Wúrà àti Ìmọ́lẹ̀

Wúrà kì í ṣe àjèjì fún ará Ifẹ̀wàrà, nítorí ọdún púpọ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń wà á nínú ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwọ̀ ìyeyè tí ń dán ni a mọ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá di hóró tí ó kéré gidigidi, a máa pupa bí osùn. Èyí ni a fẹ́ ṣe àlàyé, nítorí ó kan ẹ̀mí àwọn ọmọ wa.

Ní ọdún 1857, Michael Faraday, onígbàgbọ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi yé àwọn ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù pé hóró wúrà tí ojú kò lè rí ni ó ń sọ omi kan di pupa. Ní ọdún 1908, Gustav Mie ti ilẹ̀ Jámánì fi ìṣirò sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ wo obìnrin tí ó ru igbá omi bọ̀ láti odò. Bí ìṣísẹ̀ rẹ̀ bá bá mímì omi náà dọ́gba, omi a ru, a sì dà sílẹ̀. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú wúrà ni omi náà. Ìmọ́lẹ̀ ni ìṣísẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ni ó bá wọn dọ́gba jùlọ. Wúrà a fà á mu, èyí tí ó ṣẹ́kù a sì pupa lójú wa.

Ibi tí hóró náà jókòó lé pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Dígí kì í jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú rẹ̀ kọjá, síbẹ̀ ó ń fa àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó wà lórí rẹ̀, mímì wọn a sì falẹ̀ díẹ̀. Nígbà náà, àwọ̀ tí wúrà ń fà mu a sún sí ìhà pupa.

Kí ni èrè èyí fún wa? Nínú ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà, irú hóró wúrà yìí ni ó sábà máa ń wà. A ti so ohun tí ń di àmì kòkòrò ibà mú mọ́ wọn. Bí àmì náà bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, wọn a kó jọ sí ojú kan, ìlà pupa a sì yọ. Nítorí náà, ìlà tí ó bàìbàì, ìlà ni. Kí ìyá kankan má ṣe wí pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ìlà ìjẹ́rìí kò bá yọ, àyẹ̀wò náà ti bàjẹ́. Kí a tún un ṣe.

Ọlọ́run tí ó fi wúrà sínú ilẹ̀ wa ni ó fi òfin ìmọ́lẹ̀ sínú wúrà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ojú ọrọ̀ nìkan wò ó.