Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ṣé ẹ̀sìn ló ń pinnu iye ọmọ?

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yẹ Ìráànì wò.

Ní nǹkan bí ọdún 1980, obìnrin kan níbẹ̀ ń bí ju ọmọ 6 lọ ní ìpíndọ́gba. Nígbà tó fi máa di 2000, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 2. Bẹ́ẹ̀ Mùsùlùmí ni wọ́n tẹ́lẹ̀, Mùsùlùmí náà ni wọ́n ṣì ń jẹ́. Kí ló wá yí padà?

👉 Ọmọbìnrin tó ń lọ sílé ìwé pọ̀ sí i, títí dé ìgbèríko.
👉 Ọmọ ọwọ́ kì í kú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.
👉 Ní 1989, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí gbé ètò ìfètò-sọ́mọ-bíbí dé abúlé. Nígbà náà, àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó pàápàá ní láti kọ́kọ́ jókòó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Àwọn wọ̀nyí ni okùnfà. Iye ọmọ ni àbájáde.

Bí ẹ̀sìn ṣe ń gbilẹ̀ ńkọ́? Ṣé ọmọ bíbí nìkan ló ń fà á? Ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, àwọn Kìrìsìtẹ́nì kò tó 1 nínú èèyàn 10 ní 1910. Ní 2010, wọ́n ti ju ìdajì lọ. Ọmọ bíbí nìkan kò lè ṣe èyí: àwọn tó gba ẹ̀sìn tuntun ló pọ̀, iléèwé míṣọ́n sì wà lára ohun tó fà wọ́n.

Tí ẹnì kan bá tún sọ pé "àwọn ẹlẹ́sìn báyìí ń bímọ jù", ẹ bi í léèrè: ìyá mélòó ló kàwé níbẹ̀?