Agbára Oòrùn fún Oko Ẹ̀ẹ̀rùn ní Lọ́kọ́jà

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, láti ọdún 2023 tí Ìjọba Àpapọ̀ ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo pẹtiróòlù, owó epo ti ń jẹ èrè ẹni tí ń fi ẹ̀rọ fa omi Odò Ọya sí oko ẹ̀fọ́. Ọ̀fẹ́ ni oòrùn. Owó tí a ó fi ra ẹ̀rọ ni ó wọ́n.

Ìjọba ti la ọ̀nà díẹ̀. Òfin Iná Mànàmáná ti 2023 fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àyè láti ṣètò iná tirẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí yíyá Nàìjíríà ní mílíọ̀nù 750 dọ́là fún ètò DARES. Ilé-iṣẹ́ tí ń gbé iná oòrùn lọ sí ìgbèríko ni ètò náà ń ràn lọ́wọ́. Kì í ṣe owó pínpín.

Nítorí náà, ẹ fi ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ bá ilé-iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí iye owó iná àti ẹni tí yóò máa tún ẹ̀rọ ṣe wà nínú ìwé àdéhùn. Ẹ máa fa omi sínú àgbá ní ọ̀sán, kí ẹ má baà náwó lórí bẹ́tírì. Ẹ gbé ẹ̀rọ kọjá ibi tí ẹ̀kún omi dé ní 2012 àti 2022. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.