Bí Ìtàn Àwọn Àgbẹ̀ Oko Ìbàdàn Ṣe Wọnú Ìwé Yunifásítì

Ní ọdún 1976, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn gbé ìwé kan jáde tí Christopher Beer kọ. The Politics of Peasant Groups in Western Nigeria ni àkọlé rẹ̀. Ìwé náà kò dá lórí ọba tàbí gómìnà, bẹ́ẹ̀ ni kò dá lórí àwọn lọ́yà tó ń du ipò. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n fi ṣe kókó ọ̀rọ̀: àwọn tó ń roko ní Akànràn, ní Ẹgbẹ́dá, ní Lálúpọn àti ní àwọn ìletò tó yí Ìbàdàn ká, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá, owó orí tí wọ́n kọ̀, àti bí wọ́n ṣe bá ìjọba fà á títí ìjọba fi gbà fún wọn. Ẹni tó bá mọ irú ẹ̀kọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn fi bẹ̀rẹ̀ yóò mọ̀ pé ọ̀nà jìn kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó lè ti ibẹ̀ jáde.

Kò tíì sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan nígbà tí àwọn tó dàgbà ní Ìbàdàn ti ń kọ ìtàn ìlú sílẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá tirẹ̀ ní 1897. Ó ṣàlàyé pé ohun tó sún òun sí iṣẹ́ náà ni pé àwọn ọ̀mọ̀wé wa mọ ìtàn England, Róòmù àti Gíríìsì, wọn kò sì mọ ìtàn ilẹ̀ baba wọn. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó fi ránṣẹ́ sí nílùú òyìnbó. Johnson kú ní 1901. Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò rẹ̀, ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ tún un kọ, kò sì di títẹ̀ títí di 1921.

Kí ti Johnson tó jáde, Isaac Babalọlá Akínyẹlé ti tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911. Èdè Yorùbá ló fi kọ ọ́, ó sì mẹ́nu ba Ìwó, Òṣogbo àti Ìkìrun pẹ̀lú. Akínyẹlé yìí kan náà ló jẹ Olúbàdàn ní 1955, tó wà lórí oyè títí di 1964. Mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí yóò wá ṣàkóso Ìbàdàn ti kọ́kọ́ jókòó kọ bí àwọn tó ṣàkóso rẹ̀ ṣáájú òun ṣe ṣe é, ohun tó bàjẹ́ lọ́wọ́ wọn àti ohun tó gún. Bí a bá ń wá ìwé ọgbọ́n ìṣèlú tí a kọ́kọ́ kọ nílẹ̀ yìí, ọ̀kan pàtàkì nìyẹn. Ọmọ oko tó lọ sílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tó sì lè ka Bíbélì Yorùbá yóò lè kà á.

Ọkùnrin kejì tí n kò lè fò dá ni Akínpẹ̀lú Ọbíṣẹ̀san. Kò kọ ìwé ìtàn ní tirẹ̀. Láti 1914 ló ti ń kọ ohun tójú rẹ̀ rí sínú ìwé ìrántí ojoojúmọ́, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi ṣe é: gbèsè tó ń dà á láàmú, ẹjọ́ ilẹ̀, owó kòkó, àwọn ìjòyè àti ìpàdé wọn. Ọbíṣẹ̀san wà lára àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó. Nígbà tí ìjọba ṣe òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní 1935, ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin náà, ní 1937, kì í ṣe ti Èkó. Ti Gbẹ́dún ni, abúlé kan lápá Akànràn, ní Ọ̀nà-Àrà lónìí. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ló pawọ́ pọ̀ kí wọ́n lè máa ta kòkó wọn fúnra wọn láìgba ọwọ́ alágbàtà. Ìwé ìrántí Ọbíṣẹ̀san ṣì wà ní ibi ìkówèésí Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ ìtàn káàkiri ayé sì ti fi ṣiṣẹ́.

Oṣù Kìíní 1948 ni Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn gbéra, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 104 tí wọ́n kó wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì Yábà. Ọgbà ilé ìwòsàn àwọn ṣọ́jà ní Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n kọ́kọ́ fi wọ́n sí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún náà, Arthur Creech Jones, mínísítà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń mójú tó àwọn ilẹ̀ amúnisìn, gbẹ́ ilẹ̀ ibi tí yóò di ọgbà gan-an. Lónìí, tí èèyàn bá gba ẹ̀yìn ọgbà náà jáde sí Ajíbọ́dẹ, ó ti wọ ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé nìyẹn. Ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ̀kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kọjú sí. Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló ń fọwọ́ sí ohun tí wọ́n ń kọ́, òun ló ń fún wọn ní oyè, ó sì rí bẹ́ẹ̀ títí di 1962 tí Ìbàdàn fi dá dúró. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Ohun tí Johnson ti ráhùn lé lórí ní 1897 ni wọ́n tún gbé kalẹ̀ pẹ̀lú bíríkì àti sìmẹ́ńtì.

Kenneth Dike ló yí i padà. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1950, ó sì padà wá sí Ìbàdàn pẹ̀lú èrò kan tí àwọn olùkọ́ òyìnbó kan kò fara mọ́: pé èèyàn lè kọ ìtàn Áfíríkà láti ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà, àti pé ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà jẹ́ ẹ̀rí bí ìwé ṣe jẹ́ ẹ̀rí. Ó kiri àwọn ọ́fíìsì ìjọba káàkiri Nàìjíríà láàárín 1951 sí 1953, níbi tí ikán ti ń jẹ ìwé àtijọ́, ó ń wo ohun tó kù. Iṣẹ́ yẹn ló bí ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀ ìjọba ní 1954, tí ilé rẹ̀ wà nínú ọgbà yunifásítì títí dòní. Ní 1955 ni wọ́n dá Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Ìtàn ilẹ̀ Nàìjíríà sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ìwé àtìgbàdégbà wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1956.

Ilé ìtẹ̀wé kọ́lẹ́ẹ̀jì wá rí iṣẹ́ ṣe. Ní 1960, wọ́n tẹ ìtàn Bìní tí Jacob Egharevba kọ. Egharevba kò lọ sí yunifásítì kankan, èdè Ẹdó ló sì ti kọ́kọ́ fi kọ ọ́. Ní 1965, wọ́n bá ilé iṣẹ́ Nelson pawọ́ pọ̀ gbé A Thousand Years of West African History jáde, tí J. F. Adé Àjàyí àti Ian Espie ṣe kòkáárí rẹ̀. Ìwé àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni. Wọ́n ti ní kí àwọn olùkọ́ náà máa kọ́ ọmọ ní ìtàn ilẹ̀ tiwọn, wọn kò sì ní ìwé tí wọn yóò fi kọ́ wọn. Tí bàbá yín tàbí màmá yín bá kọ́ ìtàn ilẹ̀ Gánà àtijọ́, Màlì àti Sọ́ńgáì ní ilé ẹ̀kọ́ láàárín àwọn ọdún yẹn, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó kọ́ wọn ti gbé ìwé náà lọ́wọ́.

Àjàyí kan náà ló kọ apá tó kan àwa ará ẹkùn Ìbàdàn jù. Òun àti Robert Smith ni wọ́n jọ kọ ìwé lórí ogun jíjà nílẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tó jáde ní 1964 ní Cambridge pẹ̀lú àjọṣe Ìbàdàn. Ìdajì tó jẹ́ ti Àjàyí dá lórí ogun Ìjàyè láti 1860 sí 1865. Ìjàyè tí à ń wí yìí wà ní Akínyẹlé. Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Mọ́níyà yóò débẹ̀ láìpẹ́. Ìwé náà tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀: Kúrunmí tí kò gbà kí Adélù, ọmọ Aláàfin Àtìbà, jọba lẹ́yìn bàbá rẹ̀, Ìbàdàn tó gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá tó ran Ìjàyè lọ́wọ́, ebi tó mú ìlú, títí Ìjàyè fi fọ́ ní 1862. Ọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń ṣèlú ni. Ta ló ní àṣẹ láti yí àṣà padà, ìgbà wo ni kíkọ̀ di ogun, ta ni ogun náà sì máa ń run? Mo gbà pé kò sí kíláàsì kankan ní Nàìjíríà tó yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ ka ìwé yẹn ju kíláàsì kan ní Ìjàyè lọ.

Bọ́láńlé Awẹ́ gba ọ̀nà mìíràn wọ̀ ọ́. Orí bí Ìbàdàn ṣe di alágbára ló ṣe iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀, ó sì fi hàn nínú àpilẹ̀kọ kan ní 1974 pé oríkì àwọn jagunjagun jẹ́ ohun tí onímọ̀ ìtàn lè gbé yẹ̀ wò kó sì rí òótọ́ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ìletò wa ni jagunjagun tẹ̀ dó. Balógun yóò gba ilẹ̀, yóò kó àwọn ọmọ ogun àti ẹrú rẹ̀ síbẹ̀ láti dáko. Oríkì agbo ilé nìkan ni ìwé tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní.

Síbẹ̀ ohun kan kò yí padà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìtàn Ìbàdàn wọ̀nyí gba ìtàn kúrò lọ́wọ́ òyìnbó, inú èdè òyìnbó ni wọ́n tún gbé e sí. Àwọn ìwé ńlá inú ọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní Ibadan History Series, ọwọ́ Longmans ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń jáde. Kọ́lẹ́ẹ̀jì dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ fún àwọn tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ ní 1949 lábẹ́ Robert Gardiner, ọmọ Gold Coast. Iṣẹ́ tó dára púpọ̀ ni: àwọn akọ̀wé, tíṣà àti òṣìṣẹ́ ń lọ kọ́ nípa ìtàn, ètò ìjọba àti ọrọ̀ ajé, kí wọ́n lè ronú lórí ọ̀rọ̀ ìlú fúnra wọn. Àgbẹ̀ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni kò rí ibi jókòó sí. Irú ẹ̀kọ́ tó yẹ kí ẹni tó ń sanwó orí ní, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló kọjá.

Àwọn àgbẹ̀ náà kò dúró de kíláàsì. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí àrùn kan ń mú ẹ̀ka igi kòkó wú tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń gé igi náà lulẹ̀, Ẹgbẹ́ Máyégún dìde láti ta kò wọ́n. Adégòkè Adélabú bá wọn ṣe nínú òṣèlú, ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní 1958. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́. Àjọ tó ń ra kòkó kò san iye tí kòkó ń tà lókè òkun fún àgbẹ̀, wolé-wolé kò fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀, owó orí sì ń gun òkè. Ní oṣù Kọkànlá 1968, àwọn àgbẹ̀ ya wọ gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn. Òkè mẹ́fà ni wọ́n ní àwọn yóò san, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, wọn kò sì ní fi kọ́bọ̀ lé e. Ayé mọ̀ wọ́n sí Àgbẹ̀kọ̀yà.

Ìjọba Gómìnà Adéyínká Adébáyọ̀ gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Adájọ́ Ayọ̀ọlá kalẹ̀, ìjà kò tán. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ ní ìhà méjèèjì. Ní oṣù Keje 1969, wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Ọlájídé Ọláyọdé Kejì. Ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn àgbẹ̀ ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn èèyàn sílẹ̀. Ìgbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bá Táfà Adéoyè, aṣáájú wọn ní Akànràn, jókòó sọ̀rọ̀ ní oṣù Kẹwàá ni ọ̀rọ̀ lójú. Owó orí di pọ́n-ùn méjì.

Èyí ni ìwé 1976 yẹn gbé yẹ̀ wò. Ohun tó mú kí n ka Beer sí ni pé kò pe àwọn àgbẹ̀ náà ní jàǹdùkú. Ó tọ ìtàn wọn láti orí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dé orí Máyégún, dé orí Àgbẹ̀kọ̀yà, ó sì fi hàn pé àwọn èèyàn tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni wọ́n, tí wọ́n ti ń ṣe ìṣèlú láti ìran dé ìran. Tóyìn Fálọlá, tí ọ̀rọ̀ Àgbẹ̀kọ̀yà bá nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, sọ ti ojú tirẹ̀ nínú Counting the Tiger's Teeth ní 2014. Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà ló tẹ̀ ẹ́.

Láti sáà ẹ̀kọ́ 2009/2010 ni wọ́n ti yọ ẹ̀kọ́ Ìtàn kúrò nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ó ń padà. Wọn yóò bi tíṣà ní Ẹ̀jìòkú àti ní Ìkèrèkú pé kí ló fẹ́ fi kọ́ ọmọ. Mo bẹ ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé méjì ní Yorùbá: ìdajì Àjàyí lórí Ìjàyè, àti ìwé Beer. Àwọn tó ń kọ́ni ní èdè Yorùbá wà nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú wọn, wọ́n sì lè túmọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní pẹlẹbẹ, kí owó rẹ̀ má pọ̀, kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà ra tiwọn fún ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà ní agbègbè wọn, kí wọ́n sì kó díẹ̀ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Gbẹ́dún.