Atúmọ̀-Èdè nínú Eré Ìwá-Ọ̀rọ̀

Àlọ́ àpamọ̀ kì í ṣe ohun àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Apàlọ́ a ṣe àpèjúwe nǹkan láìdárúkọ rẹ̀. Ẹni tí a pa á fún a sì fi òye gbé orúkọ náà jáde. Eré ìwá-ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní crossword fi èyí jọ àlọ́, ṣùgbọ́n ó fi òfin méjì kún un. Lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ dín, kò sì gbọdọ̀ lé, sí iye àpótí tí a yà sílẹ̀ fún un. Bákan náà, ọ̀rọ̀ tí ó lọ ní ìbú àti èyí tí ó lọ ní òòró gbọdọ̀ jọ lo lẹ́tà kan níbi tí wọ́n ti pàdé.

Arthur Wynne ni ó gbé irú eré yìí jáde nínú ìwé ìròyìn New York World ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, ọdún 1913. Ní ọdún kan náà ni àwọn C.M.S. tẹ ìwé atúmọ̀-èdè Yorùbá kan jáde ní Èkó. Kò sí ẹni tí ó pète pé kí ohun méjèèjì ṣe kòńgẹ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀: atúmọ̀-èdè ń ti ọ̀rọ̀ lọ sí ìtumọ̀, eré ìwá-ọ̀rọ̀ ń ti ìtumọ̀ bọ̀ wá sí ọ̀rọ̀.

Ibí yìí gan-an ni ìṣòro wà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rò pé bí atúmọ̀-èdè bá ti wà lọ́wọ́, iṣẹ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìtò a, b, d ni a to ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ọ̀rọ̀ kankan lọ́kàn kò lè mọ ojú ewé tí yóò ṣí. Nítorí náà, atúmọ̀-èdè kì í bá ni wá ọ̀rọ̀. Adájọ́ ni, tí ń sọ èyí tí ó tọ̀nà nínú àwọn tí a ti fúnra wa wá.

Báwo ni a ṣe ń wá wọn? Bí a bá yẹ oríkì ọ̀rọ̀ wò, a ó rí i pé ìpín méjì ni ó sábà máa ń ní. Èkínní ń sọ ẹbí tí nǹkan náà ti jáde. Èkejì ń sọ ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ nínú ẹbí náà. Nínú “irinṣẹ́ tí àgbẹ̀ fi ń kọ ebè”, irinṣẹ́ ni ẹbí, ebè kíkọ ni ìyàtọ̀. Ẹbí ni a fi ń kó ọ̀rọ̀ jọ; ìyàtọ̀ ni a fi ń ṣà wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan láti inú orúkọ àdúgbò kan láàárín Ìkẹjà àti Agége, níbi tí ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí. Olobó ti ìbú sọ pé: “Ohun tí a fi yí ilé ká.” Àpótí mẹ́ta ni. Odi àti ọgbà yóò wá sí ni lọ́kàn. Ẹni tí ó bá ń ka lẹ́tà bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kà á yóò ju ọgbà nù, yóò ní lẹ́tà mẹ́rin ni. Ó ti ṣìnà: lẹ́tà kan ṣoṣo ni gb nínú lẹ́tà 25 tí Yorùbá ní. Olobó ti òòró, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti àpótí kẹta, sọ pé: “Ohun ìjókòó tí ó ní ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn.” Ìtẹ́ àti àga ni yóò wá sí ni lọ́kàn. Bí a bá wo lẹ́tà nìkan, odi àti ìtẹ́ pàdé ní i, ọgbà àti àga sì pàdé ní a. Èwo ni kí a mú?

Ohùn ni ó kọ́kọ́ dá ẹjọ́ náà. Ohùn àárín ni ó parí odi, ohùn ìsàlẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ ìtẹ́. Àpótí kan kò lè gba ohùn méjì. Ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ ni ó parí ọgbà, òun náà ni ó sì bẹ̀rẹ̀ àga. Nígbà náà ni a ó wá ṣí atúmọ̀-èdè láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀: ìlú ni odi ń yí ká, ilé ni ọgbà ń yí ká, ọba ni ó ni ìtẹ́, gbogbo ènìyàn ni ó ni àga. Ọgbà ni ìdáhùn, òun náà sì ni orúkọ àdúgbò tí a mẹ́nu bà.

Nígbà mìíràn, lẹ́tà tí ó dá ọ̀rọ̀ kọjá kò lè ṣe ìrànlọ́wọ́ kankan. Ẹ wo ọ, k, ọ. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ohùn òkè kì í sábà wà lórí fáwẹ̀lì tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ. Ìtò ohùn mẹ́fà ni ó kù fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Mẹ́rin nínú wọn ni ó ní ìtumọ̀ tí a mọ̀ dunjú: ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, àti ọ̀kọ̀ ológun. Bí a bá tún yọ àmì abẹ́ lẹ́tà kúrò, oko tí a ń ro àti òkò tí a ń jù yóò dà pọ̀ mọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà nìyẹn nínú àpótí mẹ́ta! Ẹni tí ó bá ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i ń fún òǹkàwé ní irú àdììtú yìí lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, láìfún un ní olobó.

Ọ̀ràn mìíràn tún wà níbẹ̀. Ìwé tí Àjàyí Crowther tẹ̀ jáde ní 1843, ti C.M.S. ti 1913, àti ti R. C. Abraham ti 1958, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi wọ́n yanjú olobó Yorùbá ní láti kọ́kọ́ ré kọjá sínú Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó padà wálé. Ní 1958 yìí kan náà ni I. O. Delano gbé Atúmọ̀ Ede Yoruba tirẹ̀ jáde, tí ó fi Yorùbá túmọ̀ Yorùbá. Ọ̀nà yìí ni ó yẹ kí a máa tọ̀.

Iṣẹ́ olùkọ́ kò nira níbẹ̀. Kí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ oríkì ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ní Yorùbá, ẹbí àti ìyàtọ̀, láìdárúkọ ọ̀rọ̀ náà. Kí ó sì fún akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn láti wá a. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá bá oríkì kan mu, oríkì náà kò tíì pé. Kí a dá a padà fún ẹni tí ó kọ ọ́. Ẹni tí ó lè dárúkọ ọkọ́, tí kò lè sọ ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ sí àdá, kò tíì mọ ọ̀rọ̀ náà tán. Bí irú oríkì bẹ́ẹ̀ bá ti pọ̀ nínú ìwé iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, a ti bẹ̀rẹ̀ atúmọ̀-èdè tuntun nìyẹn, ní Yorùbá fún Yorùbá.