Àyẹ̀wò DNA Lè Fi Ìbátan Hàn, Àmọ́ Kò Mọ Orúkọ Agbo Ilé

Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú kúrò nílẹ̀ Yorùbá ló ń fi àyẹ̀wò DNA wá orírun wọn báyìí. Èèyàn á tutọ́ sínú ike kékeré, á fi ránṣẹ́, èsì á sì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí èsì náà bá wá sọ pé "Nàìjíríà", ṣé ó lè mú onítọ̀hún dé Kàbà?

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ Òkun gan-an. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn jagunjagun Núpé láti Bídà kó ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́rú níbí, títí ọmọ ogun Royal Niger Company fi wọ Kàbà, tí wọ́n sì ṣẹ́gun Bídà lọ́dún 1897. Àwọn ọmọ Òkun kan bá ara wọn ní Freetown, ní Sierra Leone. Ibẹ̀ ni míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì kan, Sigismund Koelle, ti kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀. Yàgbà, Ìjùmú àti Ọ̀wọ́rọ̀ wà nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1854.

Kí ni DNA lè ṣe? Bí ọmọ Freetown kan àti ọmọ Kàbà kan bá ṣàyẹ̀wò níléeṣẹ́ kan náà, ó lè fi hàn pé ìbátan ni wọ́n. Ohun tó wúlò jù nínú rẹ̀ nìyẹn.

Àmọ́ ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Ìdajì DNA wa wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí a bá ń ka ìran lọ sókè, ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kéré sí i. Ní ìran karùn-ún, òbí 32 lèèyàn ní; ní ìkẹwàá, wọ́n di 1,024, àwọn mìíràn nínú wọn ò sì ní fi àmì kankan sílẹ̀ lára wa mọ́.

Yàtọ̀ síyẹn, àwọn tó ti ṣàyẹ̀wò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń fi èsì wé, àwọn ọmọ Áfíríkà ò sì pọ̀ nínú wọn. Orúkọ orílẹ̀-èdè òde òní ni wọ́n sì sábà máa ń lò. Bí èsì bá ní "Benin àti Togo", kò túmọ̀ sí pé onítọ̀hún kì í ṣe Yorùbá, torí Yorùbá wà lọ́hùn-ún náà.

Ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́ ló sì ń sọni dọmọ ilé. Àlejò tí wọ́n gbà tọ́, tó di ọmọ ilé, DNA ò lè sọ ìtàn rẹ̀. Ó tún lè tú àṣírí pé bàbá tó tọ́ni kọ́ ló bíni. Nítorí náà, ẹ bá ẹbí sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó tutọ́ ránṣẹ́, torí àṣírí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló wà nínú itọ́ ẹnì kan.

Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni pé kẹ́ ẹ lọ bá àwọn àgbà ilé. Ẹ béèrè orúkọ, oríkì, èèwọ̀ àti ibi tí wọ́n ti ṣí wá, kẹ́ ẹ sì fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Àyẹ̀wò ṣì lè dúró dọdún tó ń bọ̀. Àgbà tó mọ ìtàn náà lè má sí mọ́ nígbà náà.