Oògùn Amúnijẹun àti Àfikún fún Oríkèé Ara

Oògùn amúnijẹun jẹ́ oògùn olómi dídùn tí a ń lò kí oúnjẹ lè wu ènìyàn jẹ, kí ó sì sanra. Àfikún fún oríkèé ara jẹ́ oògùn oníhóró tàbí ìyẹ̀fun tí a ń lò nítorí ìrora orúnkún àti ìbàdí. Méjèèjì wọ́pọ̀ ní àwọn ọjà ńlá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, irú bíi Kejetia ní Kumasi, orílẹ̀-èdè Gánà, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rà wọ́n láì kọ́kọ́ rí dókítà. Orúkọ èròjà tí a tẹ̀ sí ara ìgò ni ó ń fi iṣẹ́ wọn hàn, kì í ṣe orúkọ ọjà.

Èròjà amúnijẹun

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni cyproheptadine, tí ó wà nínú Apetamin àti irú rẹ̀. Kì í ṣe oúnjẹ, kì í sì í ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀. Oògùn ara yíyún, sísín àti imú ṣíṣàn ni, nítorí pé ó ń dènà histamine, èròjà tí ara ń tú jáde nígbà tí ohun tí kò bá a mu bá kàn án. Ó tún ń dènà serotonin, ọ̀kan nínú àwọn ońṣẹ́ tí ń sọ fún ọpọlọ pé ikùn ti kún. Bí a bá dí ọ̀nà mọ́ ońṣẹ́ yìí, ebi yóò ṣì máa pa ẹni tí ó ti jẹun tó. Histamine kan náà ni ó ń mú kí ọpọlọ wà lójúfò. Ìdí nìyí tí oorun fi ń kun ẹni tí ó bá lò ó, tí ọkọ̀ wíwà sì fi léwu fún un.

Inú oúnjẹ ni ìsanra náà ti ń wá. Oògùn náà kò lè darí ọ̀rá sí ìdí tàbí ìbàdí, bí àwọn olùpolówó ṣe ń sọ. Lysine tí a máa ń fi kún un kò pọ̀ nínú àgbàdo tí a fi ń ṣe ẹ̀kọ àti kenkey, ṣùgbọ́n ó pọ̀ nínú ẹ̀wà, ẹja àti ẹran. A kò gbọdọ̀ fún ọmọ tuntun ní cyproheptadine, kò sì yẹ ẹni tí ìtọ̀ ń há mọ́. Bí oúnjẹ kò bá wu ènìyàn jẹ, ó lè jẹ́ àmì ibà, aràn inú tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Oògùn yìí kì í wo ọ̀kankan nínú wọn.

Èròjà fún oríkèé

Ní oríkèé, ìbòrí rírọ̀ tí ń yọ̀ ni ó bo orí eegun kí wọ́n má bàa máa ha ara wọn. Ara fúnra rẹ̀ ń fi glucosamine kọ́ ìbòrí yìí. Chondroitin sì ń fa omi sínú rẹ̀ kí ó lè gba ìwúwo ara. Èyí tí a ń tà máa ń wá láti ara èèpo edé àti akàn, tàbí oríkèé màlúù àti ẹja. Díẹ̀ péré nínú ohun tí a gbé mì ni ó ń dé oríkèé. Nínú ìwádìí ńlá kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2006, pẹ̀lú ènìyàn 1,583 tí orúnkún ń dùn, àwọn èròjà méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju oògùn aláìnísẹ́ lọ lápapọ̀. Ẹni tí ń lo warfarin kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má bàa dì ní láti yẹra fún wọn, àyàfi bí dókítà bá gbà á láyè.

Èròjà tí a fi pamọ́

Àfikún tí ó bá pa ìrora lójú ẹsẹ̀ yẹ kí ó mú ìfura wá. Ní ọdún 2022, àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé diclofenac àti dexamethasone wà nínú Artri King láìsí lára ìwé rẹ̀. Diclofenac lè dá ọgbẹ́ sí inú, kí ó sì ba kíndìnrín jẹ́. Dexamethasone ń pa ìrora, ó sì tún ń mú kí ènìyàn jẹun púpọ̀. Ó ń mú ojú wú, ó ń gbé ìfúnpá àti ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè, bí a bá sì lò ó pẹ́ tí a dá a dúró lójijì, ẹ̀mí lè bọ́.

Ní Gánà, Òfin Ìlera Gbogbogbòò 851 ti ọdún 2012 fún àjọ FDA ní agbára láti forúkọ oògùn sílẹ̀ àti láti ṣàkóso ìpolówó rẹ̀. NAFDAC ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà. Kí olùrà wo nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, kí ó ka orúkọ èròjà, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ apòògùn kí ó tó sanwó.