Kọ́mú Tí A Ò Fọwọ́ Kàn Kí A Tó Rà

Ní ọjà Tẹ́júoṣó, ìyá oníkọ́mú kì í sábà béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹni. Á wo èèyàn lẹ́ẹ̀kan, á fa kọ́mú kan yọ láti inú òkìtì, á fi ọwọ́ méjèèjì nà án, á ní, "Àǹtí, èyí máa bá yín mu." Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀, torí pé ojú rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ ibi tí rọ́bà máa fà dé. Bí a bá ń rà á lórí fóònù, kò sí ojú yẹn, kò sí ọwọ́ yẹn. Àwòrán ló wà níbẹ̀, àti iye owó, àti nọ́ńbà kan pẹ̀lú lẹ́tà: 34B, 38C, 40DD. Àìmọ ohun tí nọ́ńbà àti lẹ́tà wọ̀nyí ń sọ ló ń jẹ́ kí kọ́mú tuntun mẹ́ta mẹ́rin wà nínú àpótí obìnrin, tó sì jẹ́ pé ògbólógbòó kan ṣoṣo ló ń wọ̀.

Nọ́ńbà ni ti apá tó yí ara po lábẹ́ ọmú. Ọ̀já ni èmi ń pè é, torí pé iṣẹ́ ọ̀já ìpọnmọ gan-an ló ń ṣe. Ẹni tó ti pọnmọ rí mọ̀ pé èjìká kọ́ ló ń gbé ọmọ. Ọ̀já tí a dì mọ́ra ló ń gbé e. Bó bá dẹ̀, ọmọ á máa yọ̀ wálẹ̀. Ọ̀já kọ́mú ló ń gbé ọmú, okùn èjìká kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Obìnrin tí okùn ti wọ èjìká rẹ̀ débi tó fi lápàá sábà máa ń rò pé okùn ló ní ẹ̀bi, á sì tún máa fún un sí i. Kí ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ nínú dígí ná. Bí ọ̀já bá ti ń gun ẹ̀yìn lọ sókè, ó ti tóbi jù, gbogbo ẹrù sì ti bọ́ sórí èjìká.

Lẹ́tà ní tirẹ̀ kì í dá dúró. Ohun tó ń sọ ni iye tí àyà fi ju abẹ́ ọmú lọ. Ní ìwọ̀n àwọn ará Bìrìtìkó, íǹṣì kan ni A, méjì ni B, mẹ́ta ni C, mẹ́rin ni D, márùn-ún ni DD. Ìdí nìyí tí D tó wà lára 32 fi kéré gan-an sí D tó wà lára 40. Ẹni tó bá ní "D ni mí" kò tíì sọ nǹkan kan àfi tó bá fi nọ́ńbà kún un. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀ tó wúlò fún ẹni tí kò rí ìwọ̀n rẹ̀ rà: 34DD, 36D àti 38C, ọmú kan náà ni kọ́ọ̀pù wọn ń gbà. Ọ̀já wọn ló yàtọ̀.

Kí ẹ lè mọ ìwọ̀n tiyín, ẹ wá téèpù télọ̀. Ẹ yí i ká abẹ́ ọmú, kí ó dọ́gba níwájú àti lẹ́yìn, ẹ mí síta, kí ẹ fà á mọ́ra. Ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ibi tí ọmú ti yọ síwájú jù lọ, láìfún téèpù. Bí ọmú bá wúwo tàbí tó ti sọ̀ wálẹ̀, ẹ tẹ̀ síwájú kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ẹ má ṣe é ní ọjọ́ tí nǹkan oṣù ti ń bọ̀ tí ọmú sì wú. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú kò gbọ́dọ̀ gbára lé ìwọ̀n tó ní kí ó tó lóyún.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Tèmi jẹ́ íǹṣì 34 lábẹ́, 39 lókè. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú àtẹ ìwọ̀n òǹtajà kan lórí fóònù, ó ní 38A ni mí. Mo tẹ̀ ẹ́ sínú ti ẹlòmíràn, ó ní 34DD. Ara kan náà, téèpù kan náà! Ẹni àkọ́kọ́ ti fi íǹṣì mẹ́rin kún abẹ́ ọmú mi kó tó ṣírò, àṣà tó ti wà láti ìgbà tí aṣọ kọ́mú kò tíì máa fà bíi ti òde òní. Ẹnì kejì kò fi nǹkan kan kún un. Mo ra 38A, ọmú mi ò wọnú rẹ̀ tán. Mo wá gbé e dé 38C: kọ́ọ̀pù gbà mí, ọ̀já ń rìn kiri lẹ́yìn mi, mo sì wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan.

Ìlú tí ọjà ti wá tún ń dá kún un. Ọ̀já tí Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà kọ 34 sí, 75 ni Jámánì ń kọ sí i, 90 ni Faransé. Ẹni tó bá ń ra ọjà Faransé ní Kútọnu tàbí Lomé, 90 yẹn ló máa bá pàdé. Lẹ́tà dọ́gba títí dé D, lẹ́yìn náà kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀: DD ti Bìrìtìkó ni E ti Jámánì àti Faransé, E ti Bìrìtìkó sì ni Amẹ́ríkà ń pè ní DDD. Nítorí náà, ẹ mọ ìlú tí lébẹ́ẹ̀lì ti wá kí ẹ tó sanwó.

Ohun tí mo wá gbẹ́kẹ̀ lé ju gbogbo àtẹ lọ ni kí òǹtajà wọn kọ́mú fúnra rẹ̀. Mo máa ń kọ ọ́ ránṣẹ́ báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fa ọ̀já rẹ̀ títí tí kò fi ní fà mọ́, kí ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n fún mi." Bí iye yẹn bá tó abẹ́ ọmú mi, tàbí tó fi bí íǹṣì kan jù ú lọ, mo máa ń rà á. Bó bá fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin jù ú lọ, yóò gun ẹ̀yìn. Bí kò bá tó o, èémí kò ní dalẹ̀. Òǹtajà tí kò bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, mo máa ń fi í sílẹ̀. Èyí tí wọ́n sì kọ "free size" sí, ilé ni mo ń wọ̀ ọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ ìdápadà ńkọ́? Ní Bìrìtìkó, òfin fún ẹni tó rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà lẹ́yìn tí ọjà bá dé. Nílé níbí, ọ̀pọ̀ òǹtajà kì í gba àwọ̀tẹ́lẹ̀ padà, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì kọ́kọ́ ra ẹyọ kan péré, ì báà jẹ́ pé mẹ́ta ni wọ́n dínwó fún.

Bó bá dé, ẹ má tíì já lébẹ́ẹ̀lì. Ìkọ́ tó wà ní ìpẹ̀kun, èyí tó dẹ̀ jù, ni kí ẹ fi kọ́ ọ, torí pé rọ́bà máa dẹ̀ bí a bá ti ń fọ̀ ọ́, ìgbà yẹn ni àwọn ìkọ́ inú máa wúlò. Ẹ tẹ̀ síwájú, kí ẹ fi ọwọ́ kó ọmú láti ìhà abíyá wọnú kọ́ọ̀pù. Bó bá ní wáyà, kí wáyà jókòó lórí egungun ìhà, kí ó má ṣe gun ẹran ọmú. Kí àárín kọ́mú náà lẹ̀ mọ́ àyà. Kí ẹ wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ sá aṣọ sórí okùn. Bí ọ̀já bá dúró síbi tó wà, ẹ lè já lébẹ́ẹ̀lì.